Orúkọ Ọkùnrin Orí Bẹ́ẹ̀dì Karùn-ún

Wọ́n ti gba orúkọ ọmọ mi. Ojúmọmọ ni wọ́n gbà á, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹ́yẹrúnkà, lójú obìnrin mọ́kànlá, èmi fúnra mi sì jókòó níbẹ̀. N kò gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àgbọ́sọ ni, tàbí pé orí obìnrin tí kò lọ ilé ìwé ló ń dàrú. Òótọ́ ni, n kò lọ. Aránṣọ ni mí; ara ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo fi ń gé páátánì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí yé mi.

Ọmọ náà ń jẹ́ Àkíbù. Àkọ́bí mi ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Takisí Míkírà ló ń wà, láti Bẹẹrẹ sí Mọlété. Bàbá rẹ̀, Gàníyù, ti kú, ó ti di ọdún kẹfà. Sìdíkátù ni wọ́n sọ èmi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bí ọmọ yìí ni orúkọ yẹn ti lọ sùn. Ìyá Àkíbù ni ará ilé, oníbàárà àti ọlọ́pàá ń pè mí.

Eré kan ló kó wa jọ. Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́fà ni wọ́n ń pè é, gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n sì ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣàn. Yàrá pàjáwìrì ní ọsibítù ni eré náà dá lé, ibi tí wọ́n ń sáré gbé ẹni tí mọ́tò gbá àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wọ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, dókítà kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò tíì sùn láti ìjẹrin. Wọn kì í kọrin níbẹ̀, wọn kì í jà nítorí ọkọ. Wọ́n á kàn máa ṣiṣẹ́, èèyàn á máa kú tàbí kó yè. N kò rí eré tó jọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá fẹ́ gún ẹnì kan lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, àwa náà á di apá wa mú.

Ṣọ́ọ̀bù mi la ti ń wò ó nítorí èmi ni mo ní jẹnẹrétọ̀. Híjáábù tí mo ń rán lọ́wọ́ á wà lórí itan mi, ariwo á sì gba ilé kan.

"Ẹ wo dókítà yìí, tíì ló tún ń mu! Ẹni tó ń kú rèé lẹ́yìn ẹ̀!"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣé irin ni?"

"Bó bá jẹ́ Bàbá Muhydeen yín ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́, ṣé ẹ ó ní kó máa mu tíì?"

"Bàbá Muhydeen? Ẹ jẹ́ kó mu tíì ẹ̀ tán, kó wá búrẹ́dì kún un."

A ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ ó fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹni méjì wà nínú wa tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ọ̀kan ni Ìyá Rachel tó ń gbé ilé kejì sí wa, ọmọ ìjọ aládùúrà. Ọdún méjìlélógún ló fi nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ọsibítù kan kó tó fẹ̀yìn tì. Òun la fi ṣe adájọ́ eré náà. Bí wọ́n bá so omi mọ́ aláìsàn lára, gbogbo wa á yíjú sí i, á mi orí: "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Tàbí kó ya ẹnu: "Irọ́ ni. Ta ló ń rí ibọ̀wọ́ tuntun báyìí?" Ẹnì kejì ni Alhaja Zulaihat, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà iwájú tẹlifíṣàn gan-an ló máa ń jókòó sí. Òun ló pọn Àkíbù nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Oníyanrìn. Bí ó bá rí ọmọ náà, ẹ̀rín rẹ̀ á kọ́kọ́ dé kó tó kí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo ń sọ yìí, wọ́n gbé ọkùnrin kan wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún. Ọkọ̀ ló gbá a sá lọ. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí pé kò dára ni pé ariwo inú eré náà dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ń mì, ṣùgbọ́n fèrè kan ṣoṣo ló kù tó ń dún, ó lọ́lẹ̀, ó ń fà. Ìyá Rachel tẹ̀ síwájú lórí àga. N kò bi í léèrè. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló ń wò.

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ sí i létí, ohùn sì padà dé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lorúkọ yín? Ẹ sọ orúkọ yín fún mi." Fèrè tún gbà á. Nígbà tí fèrè dákẹ́, nọ́ọ̀sì ń sọ fún dókítà pé kò lórúkọ, kò ní fóònù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìlà tó ń fò sókè sódò lójú ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn rẹ̀ wá ń rọra fò, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́ lára èèyàn níwájú wa, a kì í pa ẹnu mọ́. A ó pè é, a ó pè é kíkankíkan, kó lè gbọ́ ọ̀nà ilé. Ẹni tí wọn kò bá pè, lílọ ló ń lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa dàgbà nìyẹn, onígbàgbọ́ ni, mùsùlùmí ni. Nítorí náà nígbà tí ìlà yẹn tẹ́, obìnrin kan tó ń gé búrẹ́dì lọ́wọ́ figbe ta: "Ẹ pè é! Kí ni wọ́n ń wò? Ẹ pè é!"

"Kí ni kí wọ́n pè é? Ṣé ó lórúkọ?"

"Ẹ ṣáà pè é!"

Ìgbà yẹn ni Alhaja Zulaihat dìde. Ojú rẹ̀ tí kò ríran tán rí iwájú orí ọkùnrin náà, ó rí èjìká rẹ̀, ọmọ tó pọ̀n ló sì rò pé òun rí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì tẹlifíṣàn.

"Àkíbù o! Àkíbù, yípadà! Àkíbù ọmọ Gàníyù, má lọ o, ilé là ń lọ!"

Ọ̀rọ̀ ṣe bí eré, àwọn obìnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àkíbù. Àkíbù. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń fa aṣọ funfun bọ ọkùnrin náà. Aṣọ dé àyà, ó dé àgbọ̀n. Ó sì la ojú.

Nọ́ọ̀sì kò wò ó. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n pàtẹ́wọ́ bí àwọn tó kù ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí i ń fa aṣọ lọ, bí ẹni pé ojú náà kò là, ó sì bò ó mọ́ ojú tó là yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolówó ọṣẹ.

"Alhamdulillahi!"

"Ògo! Ẹ ò rí i? A ti jí i!"

Ìyá Rachel nìkan ló jókòó síbẹ̀ bí igi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó fà mí mọ́ra. Ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ.

"Ìyá Àkíbù, mo mọ ẹni tó ń ṣe eré ikú. Àyà rẹ̀ á máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀, bó ti wù kó sé èémí tó. Mo wo àyà ọkùnrin yẹn. Kò mí."

"Ṣebí ó lajú."

"Ó lajú," ló wí. "Kò sì mí."

Ìgbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni pè mí ní Ìyá Àkíbù nìyẹn.

Ìrun màgáríbà kù díẹ̀ nígbà tí Míkírà ọmọ mi dúró níwájú ilé. Mo ń ro ọbẹ̀. Mo ní, "Àkíbù, o ti dé." Kò dáhùn. Mo tún pè é. Ó ń bọ́ bàtà. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ohùn sókè, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá yíjú sí mi wẹ́rẹ́.

"Màmá, ta lẹ ń pè?"

Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà. Aláwàdà ọmọ ni. Mo gbá a léjìká. Ara rẹ̀ tutù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú yìnyín. Ó sì ń rùn, kì í ṣe òórùn epo ọkọ̀ tó máa ń bá a wálé. Oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù ló ń rùn.

Ní ọjọ́ Sátidé ó wálé ní ọ̀sán, ó ní wọn kò pe òun láti kó èrò. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ti kún lọ níwájú rẹ̀. Inú bí mi, mo sì gba Bẹẹrẹ lọ. Èmi kọ́ ni wọ́n máa rẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ. Mo dúró ti akọ̀wé páàkì nígbà tó ń ka orúkọ àwọn awakọ̀ inú ìwé rẹ̀. Ó ka Jubril. Ó ka David. Ó dé ìlà kẹta, ó dúró bí ẹni tí òkúta wọ inú bàtà rẹ̀, ó sì bọ́ sí ìlà kẹrin. Mo já ìwé náà gbà. Orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀ gbàgàdà. Mo fi ìka lé e.

"Ka eléyìí."

Ó wò ó. Ètè rẹ̀ mì. Òógùn bọ́ níwájú orí rẹ̀.

"Màmá, kò sí nǹkan níbẹ̀."

Màmá. Ọmọkùnrin tí mo rán ṣòkòtò ìgbéyàwó rẹ̀, tó máa ń pariwo "Ìyá Àkíbù, ẹ bá mi dín owó kù" láti òdì kejì títì. Mo bi í pé ta ni mí. Ó ronú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń ránṣọ."

Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀ kejì, kò sẹ́ni tó lè pe ọmọ mi mọ́. Wọ́n á rí i, wọ́n á ní "ìwọ yìí," wọ́n á ní "dẹ́rẹ́bà." Alhaja Zulaihat náà, bí ó bá fẹ́ pè é, ọwọ́ lásán ló ń jù. Oúnjẹ tí mo gbé fún un a máa tutù lójú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé ebi kò pa òun, òun kàn ń gbàgbé pé òun lòun fẹ́ jẹun ni.

N kò fẹ́ tan tẹlifíṣàn ní Ọjọ́bọ̀ náà. Àwọn obìnrin ló kún ṣọ́ọ̀bù mi, inú wọn dùn.

"Ẹ tàn án, ẹ tàn án! Ká wo ọmọ wa!"

"Àkíbù wa dà? Ṣé ó ti ń jẹun?"

Ẹnu wọn yọ̀ mọ́ orúkọ náà. Wọ́n lè pè é. Ọmọ mi jókòó ní ẹnu ilẹ̀kùn, lórí àpótí tí mo ń kó òwú sí, kò sì sẹ́ni tó kí i nínú wọn.

Ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún wà níbẹ̀. Ó ti jókòó. Nọ́ọ̀sì ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá bẹ́ẹ̀dì kẹrin sọ̀rọ̀. Kò yíjú sí i. Ọkùnrin náà kò sì wo nọ́ọ̀sì. Àwa ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ó kọ́kọ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn rẹ̀ tó jáde.

"Àkíbù ni mí," ló wí. "Màmá mi ń ránṣọ ní Bẹ́yẹrúnkà. Ẹ bá mi pè wọ́n."

Híjáábù tí mo ti gé bọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin já síta, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, bàtà mẹ́ta ló kù sílẹ̀. Mo wo ọmọ mi. Ẹ̀rù kò bà á. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí tẹlifíṣàn, ó rọra sọ fún mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí:

"Màmá, ẹ dá a lóhùn. Ẹ̀yin ló ń pè."

Mo mú áfáà kan wá láti Àrẹ̀mọ. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta kéwú. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní kí n pe orúkọ ọmọ náà, òun ó ṣe àmín. Tẹlifíṣàn wà ní pípa, iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. Mo pè é. Ọmọ mi jókòó níwájú mi, kò mira. Ẹlòmíràn jẹ́ ẹ, ohùn gbígbẹ, láti inú gíláàsì dúdú yẹn: "Mo ń bọ̀, Màmá." Áfáà kò ṣe àmín. Ó gbàgbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sórí ẹní wa, kò sì padà wá mú un títí di òní.

Ìyá Rachel ló wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ní kọ̀rọ̀ ibi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Ẹ má pe orúkọ yẹn mọ́. Bí ẹ ṣe ń pè é lẹ ń bọ́ ọ. Òkú yẹn kò jalè. Fífún ni wọ́n fún un. Ẹni tí kò lórúkọ ni, ó gba èyí tó rí. Ẹ lọ bá a wá tirẹ̀. Bó bá rí tirẹ̀, á ju ti ọmọ yín sílẹ̀."

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé kíkọ ni mo ń kọ orúkọ ọmọ mi síbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi ojú kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí ahọ́n.

Mo wá ọ́fíìsì àwọn tó ṣe eré náà kàn, lókè ilé alájà kan ní Mọlété. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Olúyẹmí, ọkùnrin tó mọ ara rẹ̀ í tọ́jú, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán. Ó gbé àga fún mi. Ó rò pé mo wá yìn ín ni.

Mo ní, "Ta ló ṣe ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún?"

"Ẹni yẹn? Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, mà. Kò sọ̀rọ̀."

"Ó sọ̀rọ̀. Ó lajú, ó sì sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ó ní kí n wò ó, bí gbogbo ayé ṣe rí i nìyẹn, àwọn èèyàn ń pè láti Òṣogbo dé Abẹ́òkúta pé àwọn sunkún. Mo wò ó. Wọ́n gbé e wọlé. Fèrè dún. Ìlà tẹ́. Aṣọ bò ó. Ojú rẹ̀ kò là. Ó fi ti ọ̀sẹ̀ kejì hàn mí: bẹ́ẹ̀dì karùn-ún ṣófo, wọ́n ti tẹ́ aṣọ lé e.

"Ẹ rí i, mà?"

"Ẹ wo ìrọ̀rí yẹn," ni mo wí.

Ìrọ̀rí orí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo ń tẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń wò ó, bí ìgbà tí ẹnì kan ń rọra gbé orí lé e. Olúyẹmí pa kọ̀ǹpútà náà dé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí.

Ó ní wọ́n ti gba àyè ní ọsibítù kan láti ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilẹ̀kùn lásán. Wọ́n ń ya á lọ́wọ́ nígbà tí àwọn aláàánú sáré gbé ọkùnrin kan wọlé láti ojú títì. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa kámẹ́rà náà. Ọkùnrin náà kú níbẹ̀. Wọ́n dúró dúró, kò sẹ́ni tó wá bèèrè rẹ̀, ìjọba sì sin ín. Olúyẹmí ní kò sí òṣèré tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní nítorí náà ni òun fi fi í sínú eré.

"Nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?" ni mo bi í. "Èyí tó bi í lórúkọ?"

"Nọ́ọ̀sì gidi ni, mà."

"Ọkùnrin yẹn dá a lóhùn?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ dáhùn."

"Ó sọ nǹkan, mà."

"Kí ló sọ?"

"Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ ọ, ariwo pọ̀. Ẹ̀rọ wa ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a yọ ọ́ kúrò. A fi fèrè síbẹ̀." Ó ti kọ̀ǹpútà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìtàn náà dùn jù bí kò bá lórúkọ."

Mo ti ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni mo bọ́ ẹ̀yin sílẹ̀. Mo ní, "Ìwọ, èèyàn ń kú, ó fi èémí tó kù lẹ́nu rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, o wá fi fèrè bò ó kí àwa lè sunkún dáadáa?" Mo bi í bóyá ohùn náà ṣì wà. Ó ní ó wà níbì kan, òun á wá a, òun á fi ránṣẹ́ sí fóònù mi ní ọjọ́ Ajé. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún bi mí, nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ta ló pe orúkọ yẹn sí ọkùnrin náà. Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran.

Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Mo ti fi bú Alhaja Zulaihat títí ó fi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, tí ó ń sunkún, tó ń ní òun ni, òun ni. Nígbà tí mo dé láti Mọlété, Ìyá Rachel ń dúró dè mí.

Ó ní, "Ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n pè é, wọ́n pè é, aṣọ ń lọ sókè. Kò jẹ́. Ohùn kan ṣoṣo ló la ojú rẹ̀."

N kò lè bá a jiyàn. Èmi náà pè é. Mo dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń wo òkú ẹni ẹlẹ́ni, mo sì pè é ní ọmọ mi, tọkàntọkàn, nítorí pé ó dà bí ẹni tó dá wà, kò sì sí ìyá kankan nítòsí rẹ̀. Òkú gbọ́ ohùn ìyá. Ó yà sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé mẹ́ta ti kọjá. Olúyẹmí kò fi nǹkan ránṣẹ́. Bí mo bá pe fóònù rẹ̀, kì í gbé e. Mo lọ sí Mọlété, wọ́n ti ti ọ́fíìsì náà pa. Mo lọ sí ọsibítù náà, wọ́n fi ìwé kan hàn mí tí wọ́n kọ "Ọkùnrin, a kò mọ̀ ọ́n" sí, wọ́n ní nọ́ọ̀sì yẹn ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó.

Ọmọ mi kò wa ọkọ̀ mọ́. Orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí, ó tọ́ gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Rachel ń wá wo àyà rẹ̀ ní àràárọ̀. Kì í sọ fún mi ohun tó rí, ṣùgbọ́n ó ti ń pẹ́ sí i kó tó dìde. Láàárọ̀ yìí, mo fi omi nu ojú ọmọ náà. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì."

Ẹ̀yin tí ọkùnrin kan jáde ní ilé yín tí kò wọlé mọ́, ẹ gbọ́. Ó ga, iwájú orí rẹ̀ gbòòrò. Àpá jíjó kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ òsì. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì gùn ju àtàǹpàkò lọ. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá sí Bẹ́yẹrúnkà, ẹ bèèrè aránṣọ híjáábù. Ẹ má bèèrè Ìyá Àkíbù, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwọ Olúyẹmí, ìwọ kò ní láti wá a kiri. Ọwọ́ rẹ ló wà. Yọ fèrè yẹn kúrò. Nọ́ọ̀sì bi ọkùnrin yẹn lórúkọ, ó sì dáhùn, ẹ̀rọ rẹ gbọ́ ọ, ìwọ náà gbọ́ ọ. Kí ló sọ? Ọmọ mi ń lọ. Olúyẹmí, kí lorúkọ rẹ̀? Dá mi lóhùn.